Òdo Tí Wọ́n Kọ Síwájú Orúkọ Olùkọ́ Pyo

Ọmọ mi ti yege! Kí gbogbo ìlú gbọ́ ọ: Bang Eun-sol, ọmọ ogún ọdún, ọmọ èmi Bang Chil-seok tí mò ń ta aṣọ ilé-ìwé, ti gba ìwé-ẹ̀rí wẹ́dà ní ọgbà tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ òkun. Ogójì èèyàn ló ṣe ìdánwò náà. Mẹ́sàn-án ló yege. Òun nìkan ni obìnrin nínú wọn. Ẹni tí èyí bá dùn mọ́, kó bá mi yọ̀. Ẹni tí kò bá dùn mọ́, kó lọ jó irin tiẹ̀ ká wò ó.

Bí mo ṣe gbọ́ ìròyìn náà, mo fa fóònù yọ kí n pe ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́. Mo ti tẹ nọ́ńbà rẹ̀ dé ìdajì kí n tó rántí pé ó ti kú.

Pyo Myeong-rye lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Òun ni olùkọ́ tí àwọn ọmọ ilé-ìwé mẹ́ta ń lọ bá tí ọ̀rọ̀ bá wọ̀ wọ́n lọ́rùn: ilé-ìwé girama tó wà lórí òkè lẹ́yìn ọjà ẹja, èyí tó wà lẹ́bàá ojú irin, àti èyí tó wà ní erékùṣù. Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kejìlá ló kú, lórí àga onígi nínú ọkọ̀ ojú omi aago mẹ́rin, nígbà tó ń bọ̀ láti erékùṣù. Iṣan kan ló bẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀. Àwọn èrò ọkọ̀ rò pé ó ń sùn ni. Ọkùnrin tó ń nu ilẹ̀ ọkọ̀ sọ fún un pé, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbẹ́sẹ̀ díẹ̀.” Ó tún un sọ. Ìgbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta ló wo ojú rẹ̀.

Wọ́n ti sun òkú náà, wọ́n ti gbé eérú rẹ̀ sínú àpótí kékeré lára ògiri. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, kí á máa sunkún wa lọ. Àfi bí ilé-iṣẹ́ ẹ̀kọ́ àgbègbè wa ṣe kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ lóṣù Kìíní. Mo ti rí lẹ́tà náà, ọwọ́ mi yìí ni mo fi dì í mú. Ó ní: “A kò rí ẹ̀rí pé iṣẹ́ ló fa ikú olóògbé. Iye ìgbà tí olóògbé gbọ́ ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní yàrá rẹ̀ lọ́dún yìí: òdo.”

Òdo. Obìnrin kan gun òkè, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, oṣù mẹ́wàá gbáko, ó wá kú sẹ́nu ìrìn, àwọn tó rán an níṣẹ́ wá ní òdo ló ṣe. Kí ló ń wá kiri nígbà náà? Afẹ́fẹ́ òkun?

Ìyá rẹ̀ ò béèrè ilé, kò béèrè ilẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń béèrè: kí wọ́n pa òdo yẹn rẹ́ níwájú orúkọ ọmọ òun. Ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn yìí nìyẹn. Ẹni tó bá sì fẹ́ ka ìwé alákọ̀wé, kó ṣí ojú ewé kejì.

Nítorí èmi ò kàwé. Kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo fi ilé-ìwé sílẹ̀ lọ máa gbé ìdì aṣọ léjìká. Lónìí mo ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin. Tí ọmọ kan bá ń bọ̀ ní òdì kejì títì, mo ti mọ ìwọ̀n ìbàdí ẹ̀ kó tó sọdá. Àwọn oníwèé ẹ̀rí gíga tó ń ṣiṣẹ́ fún mi, èmi ni mò ń kọ́ wọn ní ìṣírò. Torí náà, tí ẹnìkan bá gbé òdo wá bá mi, mo máa ń yí i padà wo ẹ̀yìn ẹ̀.

Ọdún mẹ́jọ ni Olùkọ́ Pyo fi ṣe iṣẹ́ yìí. Lójú ìwé, kò ṣe é pé ọdún kan rí. Oṣù mọ́kànlá mọ́kànlá ni wọ́n ń gbà á, kí ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́ pé ọdún má bàa kàn án. Tó bá ku oṣù kan kí ọdún pé, kó lọ jókòó sílé, kó tún padà wá bíi àlejò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Mo ti bá àwọn tó ń ta bọ́tìnnì ayédèrú ná ọjà, mi ò rí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ojú máa tì wọ́n.

Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Eun-sol wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Wọ́n kó gbogbo kíláàsì wọn jọ sí gbọ̀ngàn, wọ́n fún wọn ní ìwé tí ọgọ́fà ìbéèrè wà nínú ẹ̀, kí wọ́n máa kun àwọn òbìrí kéékèèké. Ẹ̀rọ kà á, ó tẹ èsì jáde: iṣẹ́ tó bá ọmọ yìí mu jù ni ilé ìfowópamọ́. Inú mi dùn dé orí! Mo lọ fi dígí sí èsì náà, mo gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo oníbàárà ni mo fi hàn. “Ẹ wò ó, ilé ìfowópamọ́. Ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀.”

Láti ọjọ́ yẹn lọ, ọmọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Oṣù márùn-ún. Ìyá rẹ̀ ti kú láti kékeré rẹ̀, àwa méjì péré la wà nílé. Á jẹ ìrẹsì rẹ̀, á dorí kodò, á fọ abọ́, á wọ yàrá. Mo bú u, kò fèsì. Mo ra bàtà fún un, kò fèsì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló wá ta mí lólobó pé Eun-sol máa ń lọ sí yàrá kan ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí, á sì máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sanwó ọ̀rọ̀ fún.

Ẹ̀sín wo ló jù yẹn lọ? Ọmọ mi ń bá ará ìta sọ̀rọ̀! Mo ra gúlbì mẹ́wàá tí wọ́n fi okùn so pọ̀, ẹja oníyọ̀ gbígbẹ tó dáa, irú èyí tí èèyàn ń gbé fún àna. Mo gun òkè lọ sílé-ìwé.

Yàrá náà ò ju àpótí aṣọ lọ. Àga méjì, tábìlì kékeré kan, ìkòkò tíì. Obìnrin tín-ín-rín kan dìde, ó tẹríba fún mi.

“Olùkọ́, ọmọ mi ń wá síbí?”

“Ẹ jókòó, Ọ̀gá. Tíì ọkà báálì ni mo ní.”

“Kí ló ń bá yín sọ?”

“Ó gbóná díẹ̀, ẹ rọra mu ún.”

“Kì í ṣe tíì ni mò ń bi yín!”

“Mo mọ̀, Ọ̀gá. Tíì nìkan ni mo lè dáhùn.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo mọ èdè ọjà. Mo rọra ti ẹja náà sábẹ́ tábìlì, ó kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó.

“Ọ̀gá Bang, ẹ fẹ́ kí wọ́n torí ẹja lé mi níṣẹ́?”

“Ẹja gidi ni.”

“Mo rí i. Ojú ẹ̀ ń wò mí. Ẹ gbé e lọ sílé.”

Inú bí mi. Mo bi í pé kí wá ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, ṣé kì í ṣe òun náà ló wà ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ tí wọ́n pín ìwé òbìrí fún àwọn ọmọ?

“Èmi ni. Ìyẹn ni ìtọ́sọ́nà. Ti yàrá yìí yàtọ̀.” Ó wò mí díẹ̀. “Ọ̀gá, ní ṣọ́ọ̀bù yín, aṣọ tí ẹ wọ̀ fún ère tó wà lójú fèrèsé, ti ta ni?”

“Ti gbogbo ayé. Kí wọ́n lè rí i bó ṣe rí kí wọ́n tó wọlé.”

“Bí ìtọ́sọ́nà ṣe rí nìyẹn. Mo máa ń bá ọ̀ọ́dúnrún ọmọ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀nà báyìí wà, iṣẹ́ báyìí wà, ẹ ṣọ́ra fún kòtò tó wà níwájú. Kí wàhálà tó dé la ń ṣe é. Kò sí àṣírí níbẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ń ya fọ́tò wa. Ṣùgbọ́n tí aṣọ ojú fèrèsé ò bá bá ọmọ kan mu ńkọ́?”

“Á wá sẹ́yìn aṣọ ìkélé, màá fi téèpù wọ̀n ọ́n.”

“Ẹ̀yin lẹ máa ń wọ́ ọ lọ síbẹ̀?”

“Háà! Ta ló ń wọ́ oníbàárà? Ẹsẹ̀ ẹ̀ ni yóò fi rìn wá.”

“Ọmọ ọlọ́pọlọ ńkọ́, ọmọ ẹni jẹ́jẹ́ ńkọ́, àbí àwọn tí ara wọn wọ́ nìkan lẹ ń wọ̀n?”

“Gbogbo wọn. Kò sí ara tí kò ní ìwọ̀n.”

“Tí ẹ bá wá wọ̀n ọ́n tán, ṣé ẹ máa ń bọ́ síta, kí ẹ kígbe ìbàdí ẹ̀ sí ará ọjà?”

Mo gbé ife tíì yẹn, mo mu ún. Ẹ mọ̀ mí ní ìlú yìí, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni ẹnìkan ń borí èmi Bang nínú ọ̀rọ̀ ọjà.

“Tó bá wá jẹ́ bàbá ẹ̀ ló ń béèrè ńkọ́?” ni mo sọ.

“Bàbá ẹ̀ á dúró lẹ́yìn aṣọ ìkélé bíi ti gbogbo bàbá.” Ó bu tíì sí i fún mi. “Ohun kan ló lè la ẹnu mi, Ọ̀gá. Tí ọmọ bá fẹ́ pa ara ẹ̀ lára, tàbí tí ẹnìkan ń pa á lára. Ìyẹn ni pé tó bá tiẹ̀ di aago mẹ́ta òru, màá kan ilẹ̀kùn yín. Ṣé mo ti kàn án?”

“Rárá.”

“Ẹ lọ sùn nígbà náà.”

Mo gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ní kó ṣáà gba ọmọ náà nímọ̀ràn pé ilé ìfowópamọ́ dáa.

“Èmi kì í gbani nímọ̀ràn púpọ̀.”

“Ó wà lára ilẹ̀kùn yín! ‘Yàrá ìgbaninímọ̀ràn.’”

“Ẹni tó kọ ọ́ síbẹ̀ ò wọlé rí, Ọ̀gá. Èmi máa ń bi wọ́n ní ìbéèrè, mo sì máa ń dúró de èsì. Àwọn ọmọ mọ ohun tó ń dùn wọ́n. Ariwo àwa àgbà ni kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn.”

Mo gbé ẹja mi, mo sọ̀kalẹ̀. Mo jẹ ẹ́ tán fúnra mi. Ọ̀sẹ̀ kan ló gbà mí.

Lẹ́yìn oṣù kan ó lé díẹ̀, a ń jẹun alẹ́, Eun-sol gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. “Bàbá, mi ò fẹ́ ilé ìfowópamọ́. Iṣẹ́ jórinjórin ni mo fẹ́ kọ́, ní ọgbà ọkọ̀ òkun.” Mo ju ṣíbí mi mọ́ ògiri. Ọmọ náà ò mì.

“Ẹ jù ú, kò burú. Mo mọ̀ pé ẹ máa ju nǹkan. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ mi tán.”

“Ta ló sọ fún ẹ pé mo máa ju nǹkan?”

“Èmi ni mo sọ fún Olùkọ́ Pyo. A ti dán an wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Òun ló ń ṣe ẹ̀yin. Ó mọ̀ yín ṣe gan-an, Bàbá. Àwo ló tiẹ̀ ń jù.”

Mo fẹ́ bínú. Ẹ̀rín ló jáde. Oṣù márùn-ún tí mi ò ti gbóhùn ọmọ mi, ó wá ń dá mi lóhùn! Alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sọ̀rọ̀ títí omi ọbẹ̀ fi dì. Ṣé ẹ̀rọ òbìrí ló ṣe ìyẹn? Ṣé gbọ̀ngàn ni? Obìnrin kan tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ìgbálẹ̀ ló ṣe é, kò sì sí fọ́tò ẹ̀ kankan.

Ẹ jẹ́ á wá dé ibi tí òdo ti wá.

Mo wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé-ìwé orí òkè yẹn. Èmi kì í ta aṣọ níbẹ̀, òfin ò gbà á, òfin sì tọ̀nà, torí mo mọ ara mi. Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejìlá la ṣe ìpàdé òpin ọdún. Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Tak Gyu-seop, ló ń ka ìròyìn iṣẹ́. Ẹ mọ ọ̀gbẹ́ni yìí, bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ mọ irú rẹ̀: ó lè ka ewé orí igi fún yín, kò ní mọ̀ pé igi náà ti kú. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìròyìn Olùkọ́ Pyo wà, ti ilé-ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó gbé àwòrán sójú ògiri. Ẹ wo gbọ̀ngàn tó kún, ẹ wo orí dúdú lọ rẹrẹ. “Ìtọ́sọ́nà: ìpéjọpọ̀ mọ́kànlá, akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dín ogójì.” A pàtẹ́wọ́. “Ìgbọ́rọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan: òdo.”

Olùkọ́ Pyo jókòó lẹ́yìn, lẹ́nu ọ̀nà. Ó dìde. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kì í ṣe òdo.”

“Olùkọ́ Pyo, mo ti ṣàlàyé fún yín láti oṣù Kẹta. Ẹ kọ orúkọ àwọn ọmọ náà àti ohun tí wọ́n sọ sínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà á yí padà fúnra ẹ̀.”

“Èèyàn méjìdínlógún ló lè ṣí ibi tí ẹ ní kí n kọ ọ́ sí, sà. Mo ti kà wọ́n. Akọ̀wé tó ń ra bébà wà lára wọn.”

“Ẹ ò fọkàn tán wa ni?”

“Àwọn ọmọ ni wọ́n fọkàn tán mi, sà. Mo lè fún yín ní iye wọn, láìsí orúkọ.”

“Iye tí kò ní orúkọ, òdo ni.” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yíjú sí wa. “Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, kí ẹni tó bá fọwọ́ sí ìròyìn yìí na ọwọ́ sókè.”

Ọwọ́ mọ́kànlá la na. Ọ̀kan nínú ẹ̀, tèmi ni.

Ẹ kà á dáadáa, mi ò fi pamọ́. Aago kan ti ń lù, wọ́n ti sọ fún wa pé kálgúksù gbígbóná, núdùlù inú ọbẹ̀, ń dúró dè wá nísàlẹ̀, mo sì fẹ́ràn ọbẹ̀ ìṣáwùrú ibẹ̀. Obìnrin tó dá ohùn ọmọ mi padà fún mi dúró lẹ́yìn mi, ó ń sọ òótọ́, èmi ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀. Mo na ọwọ́. Ó wo ọwọ́ náà, ó wò mí, ó tẹríba díẹ̀, ó jókòó. Lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá, ó kú.

Òdo tí a fọwọ́ sí lọ́jọ́ náà gan-an ni ilé-iṣẹ́ ẹ̀kọ́ fi kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀. Wọn ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ni wọ́n fẹ́ béèrè? Ìwé ti sọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí lẹ́tà náà dé, èmi àti Eun-sol lọ kí ìyá náà. Gye Bun-nam lorúkọ màmá, ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Aáyù ló ń bó fún àwọn ilé oúnjẹ etí òkun, ìka ọwọ́ rẹ̀ ti funfun. Kò dáwọ́ dúró nígbà tí a wọlé.

“Màmá, ẹ kú ìrọ́jú,” ni mo wí.

“Ẹ̀yin lẹ ta aṣọ ilé-ìwé fún ọmọ mi nígbà tó ń lọ girama,” ló fi dá mi lóhùn. “Ẹ ò dín kọ́bọ̀ kan fún mi.”

“Màmá, ìgbà yẹn nǹkan le.”

“Fún èmi náà ni.” Ó ju aáyù sínú bàsíà. “Ẹ jókòó. Ìwọ ọmọ yìí, o jọ ẹni tó jẹun kánú.”

“Wẹ́dà ni mí, Màmá.”

“Ó dáa. Ilẹ̀kùn mi ti já.”

Ó wá nu ọwọ́, ó wọ yàrá, ó gbé ìwé àjákọ kan jáde, irú èyí tí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń lò. “Inú báàgì rẹ̀ ni mo ti rí i, èyí tí wọ́n kó fún mi láti inú ọkọ̀. Mo rò pé orúkọ wà níbẹ̀. Mo ní tí mo bá rí orúkọ, màá lọ bẹ àwọn ọmọ náà kí wọ́n wá jẹ́rìí fún un. Kò sí orúkọ kan.”

Mo ṣí i. Ọjọ́ ló wà létí, lábẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, àmì onílà márùn-ún tí gbogbo wa fi ń ka nǹkan nílẹ̀ yìí: ìlà kan, ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin, ìkarùn-ún tó máa ń pa á dé nísàlẹ̀, ká tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ojú ewé lé ojú ewé. Kò sí orúkọ, kò sí kíláàsì, kò sí ọkùnrin tàbí obìnrin. Ìlà ni.

Eun-sol gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà kan. “Bàbá, mo mọ ìlà yìí. Ó ní irú ìwé yìí nígbà tèmi náà. Tí mo bá dìde láti máa lọ, á fa ìlà kan. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ni. Ó ní, ‘Ìwọ ni. Ìwọ nìkan lo mọ èyí tó jẹ́ tìẹ.’”

Màmá ò sunkún. Ó ti sunkún tán kí a tó dé. Ó kàn na ọwọ́, ó fi ìka aáyù yẹn kan ojú ewé tó kẹ́yìn. “Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Igba ó lé méjì àmì ló pé. Ìkan tó kẹ́yìn ò pé. Ìlà méjì péré ló ní.”

Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kejìlá ló wà létí rẹ̀. Ọmọ méjì ló wá bá a ní erékùṣù lọ́jọ́ náà kó tó wọ ọkọ̀.

Igba ó lé méjì lọ́nà márùn-ún, ká fi méjì lé e. Ẹ̀yin alákọ̀wé, ẹ mú ẹ̀rọ ìṣírò yín, èmi ti ṣe é lórí: ẹgbẹ̀rún kan ó lé méjìlá. Láàárín oṣù mẹ́wàá. Láàárín bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú omi. Márùn-ún lójúmọ́, ọjọ́ míràn mẹ́jọ. Ẹ gbìyànjú kí ẹ gbọ́ ẹkún ọmọ mẹ́jọ lóòjọ́, kí ẹ má lè lọ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kí ẹ wá sọ fún mi pé orí ò fọ́ yín.

Mo gbé ìwé náà lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Tak. Eun-sol ló gbé mi lọ. Wọ́n bu kọfí fún mi, mi ò mu ún.

“Ọ̀gá Bang, mo bá ìdílé náà kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n ìlà kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹnikẹ́ni lè fa ìlà.”

“Òótọ́ ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn lóṣù Kejìlá?”

“Ọmọ rere kan, ó gba ìbò ọ̀tàlérúgba.”

“Báwo lẹ ṣe ka ìbò náà?”

“Lójú pátákó, bí a ṣe máa ń ṣe é.” Ó ti rí ibi tí mò ń lọ.

“Pẹ̀lú kí ni, sà?”

“Ọ̀gá Bang…”

“Pẹ̀lú ìlà, àbí? Onílà márùn-ún. Ọ̀tàlérúgba ìlà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní orúkọ àwọn ọ̀tàlérúgba tó dìbò fún un.”

“Kò ṣeé ṣe. Ìbò àṣírí ni.”

“Áà! Àṣírí! Ó dára gan-an. Ìyẹn ni pé tí ọmọ bá fi àṣírí yan ẹni tó máa di agogo mú, ìlà pé, ìlà tó, ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ ya fọ́tò. Tí ọmọ kan náà bá fi àṣírí sọ pé ayé ti sú òun, ìlà di òdo. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn, sà?”

Ó ní òun kọ́ lòun ń pinnu, ilé-iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ni. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé-iṣẹ́ ẹ̀kọ́. Akọ̀wé kan tí irun rẹ̀ ń dán bíi ìgò epo ní àwọn kọ́ ni wọ́n ń pinnu, ìròyìn ilé-ìwé ni. Mo bi í pé ta ló wá bí òdo yìí? Ṣé ó hù láti inú ilẹ̀ ni? Ó ní kí n kọ́kọ́ gba nọ́ńbà, kí n jókòó. Mo gba nọ́ńbà mẹ́tàlélógójì. Nígbà tó kàn mí, ó ti lọ jẹun.

Ṣé ẹ rí i, àwọn ará yìí kì í ṣe òǹrorò. Ẹ má bú wọn jù. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni ère ojú fèrèsé. Ọmọ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta nínú gbọ̀ngàn, ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ níwájú, àwọn tó wà lẹ́yìn ń sùn, ìyẹn ṣeé kà, ó ṣeé yà ní fọ́tò, ó ṣeé fi gba ìgbéga. Ọmọ kan ṣoṣo tó ń sunkún nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ ya ìyẹn ní fọ́tò? Ìtọ́sọ́nà dára. Mi ò bú u. Èmi náà ń fi ère ojú fèrèsé tajà. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù tó bá ti ibi aṣọ ìkélé pa, tó ní ojú fèrèsé ti tó, gbogbo ọmọ ìlú náà ni yóò máa wọ aṣọ tó ń há wọn lọ́rùn, a ó sì máa bi ara wa pé kí ló dé tí wọn ò lè mí.

Ní báyìí ná, ohun tí mo ṣe rèé. Mo ti fi lẹ́tà gba ọwọ́ tí mo na lọ́jọ́ kẹjọ oṣù Kejìlá padà. Eun-sol ló bá mi kọ ọ́, èmi ni mo fi òǹtẹ̀ mi lù ú. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọbẹ̀ ni mo torí ẹ̀ na ọwọ́. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ojú tó tì kì í pa èèyàn. Àwọn mẹ́wàá tó kù, ẹ mọ ara yín. Mẹ́rin nínú yín ti pè mí, wọ́n ní àwọn á kọ lẹ́tà gba ọwọ́ tiwọn náà padà. Ẹ̀yin mẹ́fà, mo mọ ilé yín.

Èyí ni ohun tí a fẹ́, èmi àti Màmá Gye. Ọ̀gbẹ́ni Tak, ẹ kọ orúkọ ara yín, kíkún, sábẹ́ òdo tí ẹ kọ. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ orúkọ dùn mọ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ á rí tiyín. Kí ẹni tó fọwọ́ sí lẹ́tà oṣù Kìíní ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀kọ́ kọ tiẹ̀ náà. Kí àwọn méjèèjì gbé lẹ́tà tuntun lọ bá Màmá nílé rẹ̀, kì í ṣe pẹ̀lú onílẹ́tà, kí wọ́n bọ́ bàtà, kí wọ́n tẹríba, kí wọ́n dúró de ìgbà tó bá bó aáyù rẹ̀ tán. Kí wọ́n má sọ fún un pé ìròyìn ló ṣe é.

Ọdún ilé-ìwé tuntun ń bọ̀ lóṣù Kẹta, ìwé ọdún tó kọjá yóò sì di títì pa. Tí wọ́n bá tì í pẹ̀lú òdo yẹn nínú ẹ̀, òdo ni Pyo Myeong-rye máa jẹ́ títí ayé.

Ẹ sọ ọ́ di ẹgbẹ̀rún kan ó lé méjìlá. Ẹ kọ ọ́ síwájú orúkọ rẹ̀, ìlà kan kò gbọ̀dọ̀ dín. Ẹ ṣe é, ó pẹ́ jù, ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejì, kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù.